Bí Ọkọ̀ Bá Takú ní Abẹ́òkúta, Tí Owó Ò sì Tó Nǹkan Lọ́wọ́

Mo ń ti Ìtòkú bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àdìrẹ kún búùtù, oòrùn ń ta, ọkọ̀ ń gun òkè, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ sì ti dí ọ̀nà. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ géèjì ooru ti kúrò láàárín, ó ń lọ sókè. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa ẹ́ńjìnnì. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ báyìí, ọkùnrin kan tí mi ò pè ti dé ìdí ọkọ̀. Ó gbọ́ bó ṣe ń hó, ó mi orí, ó ní, “Àǹtí, gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó yẹn. A máa sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ ni. Ẹ wá nǹkan sílẹ̀ ká lọ ra pátì.” Owó tó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, owó ilé-ìwé ọmọ tí mo fẹ́ san lọ́jọ́ Ajé ni.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí ọkọ̀ tutù ná. Mo jókòó sábẹ́ ìbòòji ìsọ̀ kan fún ó lé ní ìdajì wákàtí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù tí mo wo inú rẹ̀ dáadáa, họ́ọ̀sì òkè rédíétọ̀ ló ti yọ díẹ̀ kúrò lẹ́nu ibi tó ń wọ̀, kílíìpù irin tó dì í mú ti dẹ̀. Ipa omi tó ta jáde ṣì wà lára irin níbẹ̀. Mo ti họ́ọ̀sì padà, mo fi sikirudíráfà fún kílíìpù náà, mo ra omi inú ọ̀rá mẹ́fà, mo rọ ọ́ sí i, mo sì wa ọkọ̀ délé. Gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tó dí àárín irin ẹ́ńjìnnì kí omi àti ọ́ìlì má pàdé, ṣì wà nínú ọkọ̀ náà títí dòní.

Mi ò fi èyí bú mẹkáníìkì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lolóòótọ́, àwọn ló sì gbà mí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ kọjá agbára mi. Ohun tó yé mi lọ́jọ́ yẹn ni pé ìwàǹwára ló ń jẹ owó ju àbùkù ọkọ̀ gan-an lọ. Wákàtí àkọ́kọ́ ni owó ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni, nígbà tí àyà ń já, tí ojú ń ti èèyàn nítorí fèrè àwọn tó wà lẹ́yìn, tí ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ àrùn sì di dókítà. Bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ máa ṣe ní wákàtí kan yẹn, owó kékeré lè gbé yín délé.

Kí ọkọ̀ má kọ́kọ́ pa yín

Abẹ́òkúta kì í ṣe ilẹ̀ títẹ́jú. Orí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀pọ̀ títì wa wà, ọkọ̀ tó takú lórí òkè sì lè yí padà sẹ́yìn lu ọlọ́kadà tàbí agbálẹ̀. Bí agbára ọkọ̀ bá ń lọ, ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú, kí ẹ yà sọ́tùn-ún pẹ̀lú ìwọ̀nba eré tó kù, ẹ má dúró títí yóò fi kú sáàárín ọ̀nà. Ẹ fa háńdì bíréèkì. Ọkọ̀ ọ̀tómátíìkì, ẹ gbé e sí P. Ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì, ẹ fi í sí jíà kìíní. Ẹ yí táyà iwájú sí ẹ̀gbẹ́ títì, pé bó bá tiẹ̀ fẹ́ yí, inú koríko ló máa lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá òkúta ńlá méjì, òkúta ò wọ́n wa. Bí iwájú ọkọ̀ bá kọ sí ìsàlẹ̀, iwájú táyà ni òkúta ń wà. Bó bá kọ sókè, ẹ̀yìn táyà ni.

Ẹ gbé onígun mẹ́ta pupa tí àwọn awakọ̀ ń pè ní sí-kọ́ṣọ̀n sẹ́yìn ọkọ̀, kó jìnnà tó kí ẹni tó ń sáré bọ̀ lè rí i kó sì tẹ bíréèkì. Bí kò bá sí, ẹ ya ewé bí a ti máa ń ṣe, ẹ tò ó sójú ọ̀nà. Mo bẹ yín, tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó ewé àti òkúta yẹn kúrò. Òkúta tí ẹnìkan fi sílẹ̀ lálẹ́ ni táyà ẹlòmíràn máa gùn.

Tó bá jẹ́ ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni, bí ọ̀nà tó gba Kóbapé àti Ṣíún lọ sí Ṣàgámù, tàbí èyí tó gba Òdèdá lọ sí Ìbàdàn, kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n dúró sínú koríko, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sínú ọkọ̀. Nọ́ḿbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ni 122, a kì í san owó pè é. 112 náà wà fún pàjáwìrì.

Bí àwọn ọ̀dọ́ bá wá láti bá yín ti ọkọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì bá wọn sọ iye kí ọwọ́ wọn tó kan irin. Iye tí a sọ lẹ́yìn iṣẹ́ kì í kéré.

Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ

Ẹ jókòó, kí ẹ fi fóònù kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: kí lẹ gbọ́, kí lẹ rí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, òórùn wo ló jáde, kí ni ọkọ̀ ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé òkè lẹ ń gùn ni? Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo ni? Ṣé òjò rọ̀ lánàá? Bó bá ní ariwo kan, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, nítorí ariwo ọkọ̀ dà bí eyín tó ń dunni: bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa wò ó, á dákẹ́.

Ẹ má dárúkọ àrùn fún mẹkáníìkì. Ẹni tó bá dé tó ní “pọ́ǹpù epo ló bàjẹ́”, pọ́ǹpù epo ni wọ́n máa bá a pààrọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé fíúùsì ló jó. Ẹ sọ pé: “Ọ̀gá, mo pa á níwájú ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí mo padà dé, ó ń yí dáadáa àmọ́ kò mú.” Gbólóhùn yẹn á gbà yín lọ́wọ́ ìná tí kò yẹ.

Àwọn ohun kan wà tí kò sí ọgbọ́n owó nídìí wọn, ẹ má wa ọkọ̀ náà rárá. Bí ẹsẹ̀ bíréèkì bá ń rì wọlẹ̀, ẹ dúró. Láti Aké sọ̀kalẹ̀ láìsí bíréèkì, ikú ni. Bí iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì bá tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ wọn ọ́ìlì. Bí òórùn bẹntíróòlù bá ń jáde tó le, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Bí géèjì ooru bá ti dé ibi pupa, ẹ má sọ pé “ilé ò jìnnà mọ́”. Ìrìn díẹ̀ yẹn ló máa ń jẹ́ kí owó kílíìpù di owó ẹ́ńjìnnì.

Bí kò bá fẹ́ tanná

Etí ló máa sọ ibi tó wà.

Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí dáṣíbọ́ọ̀dù ò tan, orí bátìrì ni kí ẹ wò kí ẹ tó ronú bátìrì tuntun. Ẹ di irin tó bo orí bátìrì mú, kí ẹ gbìyànjú àtifi ọwọ́ lásán yí i. Bó bá yí, ẹ ti rí i, ẹ fún un. Bí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá bò ó, ẹ tú irin orí òdì, èyí tó ní àmì ìyọkúrò, kí ẹ tó tú ti àmì ìròpọ̀, ẹ da omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì dá a padà: àmì ìròpọ̀ ṣáájú, àmì ìyọkúrò kẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹ̀fun yẹn kan ojú. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, mo sì ti rí ẹni tó ra bátìrì tuntun nítorí rẹ̀.

Bó bá ń ṣe ta-ta-ta-ta, tí iná sì ń ṣe bàìbàì, bátìrì ti rẹ̀ ẹ́. Bó bá dún “kọ́” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí iná iwájú mọ́lẹ̀ kedere, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kíkì sítátà. Ọkọ̀ ọ̀tómátíìkì tí kò dáhùn ní P, ẹ gbé e sí N, ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ tún dán an wò. Nígbà mìíràn ibẹ̀ ló máa dáhùn, nítorí ibi tí jíà ti ń fi àmì ránṣẹ́ ló ti jẹ.

Bó bá ń yí dáadáa àmọ́ tí kò mú, epo tàbí iná púlọ́ọ̀gì tó ń tan epo náà ni. Ẹ wo epo ná, géèjì máa ń purọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ pa rédíò, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn láì tíì kíkì, kí ẹnìkan fi etí sí àga ẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ máa gbọ́ kí pọ́ǹpù epo hun “ùnnn” fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Bí kò bá hun, ẹ wá fíúùsì rẹ̀ nínú àpótí fíúùsì, àwòrán rẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́yìn ìdérí. Lẹ́yìn fíúùsì, ẹ wo ríléè rẹ̀, àpótí kékeré tó ń tan iná fún un tó sì ń pa á. Bí ríléè fèrè bá ní nọ́ḿbà kan náà pẹ̀lú ti pọ́ǹpù, ẹ pààrọ̀ wọn fúngbà díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá mú tí fèrè sì kọ̀, ríléè kékeré ni ẹ máa rà, kì í ṣe pọ́ǹpù.

Ní ti fíúùsì, àwọ̀ ló ń sọ agbára rẹ̀: pupa ni áńpù 10, búlúù ni 15, yẹ́lò ni 20, àwọ̀ ewé ni 30. Iye kan náà ni kí ẹ fi rọ́pò. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi wáyà tàbí bébà sìgá dí ojú fíúùsì fún yín, ẹ kọ̀ fún un. Fíúùsì ló yẹ kó jó kí wáyà má jó, bí ẹ bá sì sọ ọ́ di irin, ọkọ̀ ló máa jó.

Láti fi bátìrì ẹlòmíràn tanná, ẹ fi okùn pupa kan orí ìròpọ̀ bátìrì tó kú, kí ẹ fi ìdí kejì rẹ̀ kan orí ìròpọ̀ èyí tó dára. Ẹ wá fi okùn dúdú kan orí ìyọkúrò èyí tó dára, kí ìdí tó kù kan irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó kú, kó jìnnà sí bátìrì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tó dára ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó kíkì. Ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì ṣeé tì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wa sì wúlò níbí: ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ fi sí jíà kejì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bó bá ti ń yí ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé bíréèkì àti sítíárì máa ń le nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò bá ṣiṣẹ́, nítorí náà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tí kò sí èrò ni mo ń sọ. Ọ̀tómátíìkì ò ṣeé tì tan, ẹ má fi agbára àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò.

Nígbà tó bá tanná tán, ìbéèrè owó tó kù ni: ṣé bátìrì ni, àbí ọtánétọ̀ tó ń ṣáájì rẹ̀? Ẹ yà sọ́dọ̀ oníná ọkọ̀ tí a ń pè ní réwáyà, kó fi mítà wọ̀n ọ́n. Bátìrì tó kún, tó sinmi, máa ń fi nǹkan bí fóòtì 12.6 hàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.7 sí 14.7. Bó bá wà nísàlẹ̀ 13, ọtánétọ̀ ni kí ẹ bi í nípa rẹ̀, kí ẹ má tíì ra bátìrì. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi “dán ọtánétọ̀ wò”. Àṣà àtijọ́ ni. Ó lè ba ọpọlọ ọkọ̀ òde òní jẹ́, owó rẹ̀ ò sì ṣeé gbọ́.

Tó bá sì jẹ́ pé kíkì tàbí ọtánétọ̀ ló jẹ, ẹ bi réwáyà bóyá káábọ̀n inú rẹ̀, èédú kékeré tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀, ló tán. Káábọ̀n nìkan ṣeé pààrọ̀, owó rẹ̀ ò sì sún mọ́ ti odidi. Ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ ọ́n ṣe, àmọ́ bí ẹ ò bá béèrè, odidi ni wọ́n máa sọ fún yín.

Bó bá gbóná

Èyí ni àrùn ìlú wa: òkè, oòrùn, àti dídúró lójú kan ní Láfẹ́ńwá tàbí Kútọ̀ nígbà tí ọjà bá kún. Nígbà tí géèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè tí kò tíì dé ibi pupa, ẹ pa A.C., kí ẹ sì ṣí ooru inú ọkọ̀ dé òpin pẹ̀lú fáànù rẹ̀. Ẹ máa làágùn, àmọ́ ìyẹn ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá ibi dúró sí, kí ẹ pa á.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú sùúrù. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ kí ó tó tó ìdajì wákàtí ó kéré tán. Omi inú rẹ̀ wà lábẹ́ agbára, á fọ́n sójú bí iná, mo sì mọ ẹni tí àpá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Ẹ má da omi tútù sára ẹ́ńjìnnì gbígbóná, irin lè là. Bí ẹ bá ti lè gbé ọwọ́ lé họ́ọ̀sì òkè tí kò jó yín, ẹ fi àkísà tó nípọn bo ìdérí, ẹ yí i díẹ̀ kí èémí rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, kí ẹ tó ṣí i tán.

Wàyí o, ẹ wò yíká kí ẹ tó rọ omi. Ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ ńkọ́, ṣé ó tutù? Ṣé họ́ọ̀sì là lẹ́nu? Bí ẹnu rẹ̀ nìkan ló là, ẹ gé ibi tó là kúrò, ẹ tún tì í wọlé, ẹ fún kílíìpù. Ẹ fi ìka tẹ bẹ́líìtì, ṣé ó wà níbẹ̀? Bí bẹ́líìtì bá já, iná bátìrì máa tàn, sítíárì lè le, ooru lè gòkè, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé àrùn mẹ́ta ni, bẹ́ẹ̀ bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni.

Bí omi bá pé tí kò sì jò, fáànù ni ẹ̀sùn kàn. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan A.C., ẹ wo iwájú rédíétọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo fáànù oníná, ó yẹ kó máa yí. Ẹ má fi ọwọ́ sún mọ́ ọn, ó lè gbéra nígbàkugbà. Bí kò bá yí, ẹ padà sídìí fíúùsì àti ríléè. Ọkọ̀ tí fáànù rẹ̀ ò yí kì í sábà gbóná nígbà tó bá ń sáré, inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ló ti ń gbóná, àmì yìí nìkan ti lè gbà yín lọ́wọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ọ́ìlì á dà bí mílíìkì nídìí ọ̀pá tí a fi ń wọ̀n ọ́n tàbí lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Èéfín funfun á máa jáde lẹ́yìn ọkọ̀ tí kò ní dáwọ́ dúró bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ti gbóná. Omi inú rédíétọ̀ á máa hó gùdùgùdù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án. Ẹni tó bá ní gásíkẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ní kó fi ọ̀kan nínú wọn hàn yín. Bí kò bá lè fi hàn, kò tíì tó àkókò láti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Bó bá sì fi hàn, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́, kí wọ́n fi okùn wọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan nípa tẹ́mósítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná tó. Wọ́n á ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ dànù pé ilẹ̀ wa gbóná. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in kì í tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ, á sì máa mu epo sí i. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí ẹ ń fi ṣòfò lójoojúmọ́ á ju owó tẹ́mósítáàtì tuntun lọ láìpẹ́.

Táyà

Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì kí ẹ tó gbé jáàkì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí olùṣe ọkọ̀ ṣe sílẹ̀ lábẹ́ etí ọkọ̀ ni jáàkì ń wà, kí ilẹ̀ rẹ̀ le. Ẹ má ṣe é lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ẹ bá lè rọra gbé e dé ibi títẹ́jú. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Nígbà tí ẹ bá ń fún nọ́ọ̀tì, ẹ máa fò láti èyí sí èyí tó dojú kọ ọ́, ẹ má ṣe é ní yípoyípo. Sípéè táyà tó tín-ín-rín, tó kéré ju ìyókù lọ, kò gbọdọ̀ sáré ju 80 kìlómítà ní wákàtí kan, ìdí fọkanáísà ló sì wà fún, kì í ṣe fún Èkó.

Ìṣó tó gún ojú táyà ṣeé lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà tó là ò ṣeé lẹ̀, ẹni tó bá ní òun á rán an fún yín ń fi ẹ̀mí yín ṣeré. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ wá nọ́ḿbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bó bá ti gbó jù tàbí tí ara rẹ̀ ti ń sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kí ojú rẹ̀ ga tó.

Iná ẹ́ńjìnnì tó tàn

Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n tí iná yẹ́lò sì dúró láì ṣẹ́jú, ẹ rọra máa lọ. Bó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dín eré kù kí ẹ wá ibi dúró. Ẹ lọ bá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, àmì tí ọpọlọ ọkọ̀ fi ń sọ àbùkù rẹ̀, kó kà á, kí ẹ sì fi fóònù ya ojú ẹ̀rọ náà. Kóòdù P0301 ń sọ pé sìlíńdà kìíní kò jó dáadáa. Bí ọkọ̀ yín bá ní kọ́ìlì, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, kọ̀ọ̀kan fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kó gbé kọ́ìlì kìíní sí ìkejì, kó pa kóòdù rẹ́, kí ẹ wà á díẹ̀, kí ó tún kà á. Bó bá di P0302, kọ́ìlì yẹn ló kú, ẹyọ kan ni ẹ máa rà, kì í ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá dúró ní P0301, ẹ gbé ojú sí púlọ́ọ̀gì ìdí rẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ owó níwájú mẹkáníìkì

Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì lọ fúnra yín bí ẹ bá ráyè. Ẹ má dárúkọ iye tó wà lọ́wọ́ yín kó tó dárúkọ iye tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó pátì. Nígbà tó bá sọ ọ́ tán, ẹ wá sọ òótọ́ yín: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Agbára mi ò gbé gbogbo ẹ̀ lónìí. Nínú nǹkan wọ̀nyí, èwo ni tí mi ò bá ṣe, ọkọ̀ ò ní gbé mi délé? Èwo ló lè dúró di òpin oṣù?” Mo ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìbéèrè yìí, kò sí ẹni tó bínú. Ẹni tó mọṣẹ́ á tò ó fún yín. Ẹni tó bá ní gbogbo rẹ̀ ló pọn dandan láì lè sọ ìdí, ẹ ní ẹ ń bọ̀.

Bíréèkì, táyà, sítíárì, omi tó ń jò àti ọ́ìlì, ìwọ̀nyí ò lè dúró. A.C. lè dúró. Gíláàsì tí kò sọ̀kalẹ̀, ariwo kékeré nídìí ilẹ̀kùn, ọ̀dà tó ha, wọ́n lè dúró. Iná iwájú lè dúró bí ẹ ò bá ní rìn lálẹ́, àmọ́ ẹ má tan ara yín jẹ lórí èyí.

Ẹ sọ fún un pé kó má ṣí ohun mìíràn láì pè yín. Pátì tí wọ́n bá yọ, ẹ gbà á. Tiyín ni, òun náà sì ni ẹ máa gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta sípéè pátì, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tuntun, kí ẹ fi nọ́ḿbà ara wọn wéra. Ẹ ya fọ́tò nọ́ḿbà ṣáásì ọkọ̀ dání, nítorí Corolla ọdún kan lè yàtọ̀ sí ti ọdún kejì. Ìsọ̀ mẹ́ta ni kí ẹ dé kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé bí kò bá bá a mu, wọ́n máa gbà á padà.

Ní tèmi, tòkunbọ̀ dára fún kíkì, ọtánétọ̀, fáànù, dígí àti iná. Kí wọ́n fi bátìrì dán ohun oníná wò níwájú yín. Àmọ́ bíréèkì, bẹ́líìtì, họ́ọ̀sì àti fílítà ọ́ìlì, tuntun ni mo ń rà. Ohun tí ọjọ́ orí ń jẹ, ẹni ẹlẹ́ni ti lo ọjọ́ orí rẹ̀ tán.

Bí owó ò bá dé ibẹ̀ rárá, ọkọ̀ lè sùn. Ẹ gbé e sí ọgbà ẹni tí ẹ mọ̀ tàbí ilé epo tó ní ọlọ́dẹ, kí ẹ fún ọlọ́dẹ ní nǹkan, kí ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá lọ sílé. Owó kẹ̀kẹ́ ọjọ́ mẹ́ta kéré sí àtúnṣe tí a fi ìkánjú ṣe. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ bá olórí àjọ yín sọ̀rọ̀ bóyá ẹni tó kàn lè gbà yín láàyè kí ẹ kọ́kọ́ kó, tàbí kí ẹ lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yá owó lórí áàpù fóònù tó ń gba èlé gọbọi ní ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ọkọ̀. Mo ti rí ìdílé tí wọ́n fi owó àtúnṣe bíńtín kó sí wàhálà oṣù mẹ́fà, tí ìpè àwọn agbowó sì ń dé ọ̀dọ̀ àna wọn.

Nígbà tí ọkọ̀ bá jáde, ẹ wà á fúngbà díẹ̀ pẹ̀lú mẹkáníìkì nínú rẹ̀, kó gun òkè kan, kó sì sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kan, kí ẹ tó san owó iṣẹ́ tó kù. Ní àárọ̀ mẹ́ta tó bá tẹ̀ lé e, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ wo omi, ẹ wo ọ́ìlì, kí ẹ sì ti tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ láti alẹ́. Bí páálí bá gbẹ ní àárọ̀ kẹta, ẹ lè kó àdìrẹ padà sí búùtù.